Kọfí Ẹni Méjì

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Abẹ́rẹ́ mi,

Báwo ni ara? Báwo ni iṣẹ́? Ṣé òtútù ibẹ̀ ti ń dẹwọ́ díẹ̀? Àwa ń bẹ níbí, a dúpẹ́. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì máa ń bá mi jiyàn tí mo bá fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n n kì í gbà fún un. Àǹtí rẹ kí ọ. Ó ní o ti sanra nínú fọ́tò tó o fi ránṣẹ́. Mo ní kó lọ nu gíláàsì ojú ẹ̀.

Mo mọ̀ pé o máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Ìwọ náà mọ̀ pé etí mi òsì ti fẹ̀yìn tì ṣáájú èmi alára. Tá a bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, gbogbo ará ilé ló ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ, èmi nìkan ni mi ò gbọ́ ohun tí ò ń sọ. Nínú lẹ́tà, o ò lè já mọ́ mi lẹ́nu, mo sì lè ka ibi tó dùn lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé ìdí ìwé. Ìwọ tó ń fi kọfí jẹun, sọ fún mi: kí lèèyàn ń rà tó bá fẹ́ máa po kọfí gidi nínú ilé ara ẹ̀, tí kò sì ní ta bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀ kó tó rà á? Kì í ṣe èyí tó wà nínú agolo tá a kàn ń bu omi gbígbóná lù. Mo mu ojúlówó ẹ̀ níbì kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi, mo wá rí i pé látọjọ́ yìí, omi aró ni mo ń mu.

Mo lọ sí ilé ìtajà ńlá tó wà lẹ́yìn bánkì. Wọ́n fi ẹ̀rọ kan hàn mí tó tóbi tó ẹ́ńjìnnì mọ́tò, iná pupa ń ṣẹ́jú lára ẹ̀, ó ní ẹnu mẹ́ta. Ọmọbìnrin tó ń tà á ní òun nìkan ló dáa. Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé ó máa ń fọ aṣọ pẹ̀lú ni?" Kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo rí iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, mo rọra káwọ́ sẹ́yìn kí n má baà fara kàn án.

Kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ iṣẹ́. Télọ̀ ni mí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rọ tó wọ́n jù ló ń rán aṣọ tó dáa jù, ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé abẹ́rẹ́ tó bá kúnu lè ba àrán jẹ́.

Má jẹ́ kí iṣẹ́ pa ọ́ o. Máa jẹun kó o tó jáde.

Èmi ni, bàbá rẹ tó ń ronú kàn ọ́.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àfojúsọ́nà, ẹ sì bá mi kí orúnkún yín, kẹ́ ẹ sọ fún un pé mo ní kó rọra. Ẹnu iṣẹ́ ni lẹ́tà yín bá mi. Ẹ mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin ni ṣọ́ọ̀bù wa wà. Láàárọ̀, àwọn èèyàn máa ń tò síwájú mi tojú-toorun, kò sí ẹni tó ń dáhùn ìkíni àfi tó bá ti mu ẹnu kan. Mo fi lẹ́tà yín sábẹ́ épírọ́ọ̀nù, mo wá kà á nídìí àwo tá a fẹ́ fọ̀. Nígbà tí mo dé ibi ẹ̀rọ tó ń fọ aṣọ, ẹ̀rín mú mi débi pé ọ̀gá mi bi mí bóyá mo ti jẹ tẹ́tẹ́.

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kúrò nídìí ẹ̀rọ yẹn. Bàbá, ìlọ̀ ló ni kọfí. Owó díẹ̀ tẹ́ ẹ bá ní, ibi ìlọ̀ ni kẹ́ ẹ ná an sí. Kọfí tí wọ́n ti lọ̀ sílẹ̀ dà bí ìròyìn àná: òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò dùn ún gbọ́ mọ́. Ẹ máa ra kóró ẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan, kẹ́ ẹ máa lọ ìwọ̀n tẹ́ ẹ máa mu lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ ìlọ̀ kékeré tí wọ́n ń fọwọ́ yí ti tó, kó ṣáà ti jẹ́ èyí tí irin inú ẹ̀ ní eyín tó ń rún un bákan náà. Èyí tó ní abẹ tó ń yí bìrìbìrì yẹn, ẹ má rà á. Ṣe ló ń gé e ṣákaṣàka, apá kan á di ìyẹ̀fun, apá kan á dà bí òkúta, èyí á korò, tọ̀hún á kan.

Ohun tó kù ni àrọ tí wọ́n ń gbé lé ẹnu ife, tí wọ́n ń tẹ́ bébà pẹlẹbẹ sínú ẹ̀. Wọ́n á fi èyí tó ń dán bí àwo hàn yín. Ẹ má dá wọn lóhùn, oníke ni kẹ́ ẹ mú. Ike kì í fa ooru kúrò lára omi, tó bá sì bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ kàn máa bẹ̀rẹ̀ mú un ni. Kẹ́tù tẹ́ ẹ ní ti tó. Tí omi bá hó, ẹ jẹ́ kó mí díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ rin kọfí náà, ẹ ó rí i tó máa wú bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ dúró dè é. Lẹ́yìn náà, ẹ máa rọra da ìyókù yíká-yíká. Tó bá korò jù, ìlọ̀ ẹ̀ ti kúnná jù nìyẹn. Tó bá kan tó sì fúyẹ́, kò tíì kúnná tó.

Ẹ má wulẹ̀ rà á. Ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń bọ̀ nílé lóṣù tó ń bọ̀, mo ti di ẹ̀rọ ìlọ̀ àti àrọ kan fún un, pẹ̀lú bébà díẹ̀. Ife kan láàárọ̀ o, kẹ́ ẹ má kọjá ẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Ẹ ò sì sọ ibi tẹ́ ẹ ti mu èyí tó dùn yẹn fún mi.

Ọmọ yín tí ọwọ́ ẹ̀ ń run kọfí tọ̀sán tòru.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹrin

Abẹ́rẹ́ mi,

Ẹrù dé láìfọ́, láìya. Ẹni tó gbé e wá kò jókòó, ó ní ọkọ̀ ń dúró de òun, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé o máa ń kọrin tó o bá ń fọ ife. Ìyẹn dùn mọ́ mi ju ẹrù lọ.

Mo ti ń lọ̀ ọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo lọ̀ ọ́ kúnná bí àtíkè. Omi kọ̀, kò sọ̀kalẹ̀, ó dúró sínú àrọ bí àlejò tí wọn ò tíì ní kó wọlé. Ọjọ́ kejì, mo lọ̀ ọ́ wóró-wóró, omi sáré kọjá, ohun tó wà nínú ife dà bí omi ìṣanwọ́. Ọjọ́ kẹta, ọmọ mi, gbogbo ilé ta sánsán. Mo dúró sí kíṣìnì, mi ò tiẹ̀ rántí jókòó.

Bébà tó o fi sí i ti tán. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí mo wọ̀, bébà ìnudìí ni wọ́n ń nà sí mi. Ni mo bá bi ara mi pé kí ni mo wá fi gbogbo ayé mi kọ́. Mo wá aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òwú pọ́ńbélé, mo gé e bí ọrùn ọwọ́ aṣọ ọmọdé, mo rán an, mo pa etí ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ń ta mí lẹ́nu bíi sítáàṣì torí pé mi ò sè é kí n tó lò ó. Ní báyìí, mo máa ń sè é, omi lásán ni mo fi ń ṣàn án, n kì í fi ọṣẹ kàn án, ibi atẹ́gùn ni mo sì ń sá a sí. Ó ti pọ́n bí awọ bàtà, ṣùgbọ́n kọfí tó bá gba inú ẹ̀ kọjá máa ń mọ́ lóló.

Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni mo ní. Àrọ yìí, ti ẹni kan ni. Kí n tó po èkejì tán, àkọ́kọ́ ti tutù. Ṣé kò sí èyí tó ń po ife méjì pa pọ̀? Má fi ránṣẹ́ o. Sọ bó ṣe rí fún mi, màá wá a níbí lówó pọ́ọ́kú. Ẹnìkan kì í kúkú jẹ́ àwá dé.

Ṣé ò ń sùn dáadáa? Nínú fọ́tò yẹn, ojú rẹ ti jìn sínú.

Bàbá rẹ tó ti di ọmọ iṣẹ́ rẹ.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìrójú. Inú yàrá tá a ń kó àpò kọfí sí ni mo ti ka lẹ́tà yín. Nígbà tí mo dé ibi ife méjì, mo jókòó sórí àpò, mo sunkún.

Mo mọ ẹni tí ife kejì wà fún. Nígbà tí mo wá síbi ìsìnkú Màmá, mo rí yín láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ gbé àwo méjì sórí tábìlì, ẹ wò ó, ẹ wá rọra dá ọ̀kan padà. Ẹ ò mọ̀ pé mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Èmi náà ń ṣe irú ẹ̀. Màá rí síkáàfù kan lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, màá ti mú fóònù kí n sọ fún wọn, kí n tó rántí.

Ṣùgbọ́n, Bàbá, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa da kọfí síwájú àga òfìfo. Ẹ wá sọ́dọ̀ mi. Mo ti rí yàrá kan tó tóbi ju èyí tí mo wà lọ. Oòrùn ń wọ fèrèsé ẹ̀ láti àárọ̀, àyè tí ẹ̀rọ ìránṣọ yín máa dúró sí sì wà lẹ́bàá ògiri. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá gba kọ́kọ́rọ́.

Ohun tẹ́ ẹ bèèrè nìyí: jọ́ọ̀gì kan wà tó ní asẹ́ lábẹ́ ìdérí. Ẹ ó lọ kọfí wóró-wóró, ẹ ó da omi sí i, ẹ ó bò ó, tó bá ti jókòó díẹ̀, ẹ ó tẹ asẹ́ náà wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á lọ sísàlẹ̀. Ẹ mú onírin, ti gíláàsì máa ń fọ́. Tàbí kẹ́ ẹ má tiẹ̀ rà á. Èyí tá a jọ máa lò ti wà lọ́dọ̀ mi níbí.

Ọmọ yín tó ń tún ilé ṣe dè yín.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù karùn-ún

Abẹ́rẹ́ mi,

O kú àánú bàbá. Mo fẹ́ kí lẹ́tà yìí sáré: má tíì gba kọ́kọ́rọ́ yẹn.

Ife kejì kì í ṣe ti ìyá rẹ. Ẹni tó ń mu ún wà láàyè, ó sì lẹ́nu dáadáa. Àná ló sọ fún mi pé èèyàn lè fi kọfí mi wẹ ọmọ. Obìnrin kan ni, òkè wa níbí ló ń gbé, ilẹ̀kùn tó wà lórí àtẹ̀gùn. Bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn ló ń wà kó tó fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi ń pè é ní Dẹ́rẹ́bà. Lọ́dọ̀ ẹ̀ ni mo ti mu kọfí tí mo sọ fún ọ. Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà àkọ́kọ́, mo tún pa á rẹ́. Ojú ló tì mí. Àgbàlagbà tó ń tijú ọmọ ẹ̀, ìwọ náà wò ó.

Ó máa ń sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀, a ó mu kọfí, a ó sọ̀rọ̀, á padà sókè. Ọ̀rẹ́ mi ni. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Mo ti kọ ọ́ báyìí, mi ò sì ní pa á rẹ́.

Fún mi lésì kíá.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù karùn-ún

Bàbá,

Ẹ kú ilé.

Kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ mi kí lẹ́tà yín tó dé. Mo ti kó wọlé. Mo ti sọ fún gbogbo ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ pé bàbá mi ń bọ̀, ọ̀gá mi tiẹ̀ ti ní òun ní ṣòkòtò méjì tẹ́ ẹ máa bá òun gé kúrú.

Àǹtí pè mí lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ní obìnrin yẹn ti gbé àga ẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sínú pálọ̀ wa. Àga! Tó bá gbé àga wá lónìí, kí ló máa gbé wá lọ́la? Bẹ́ẹ̀dì?

Mo jókòó sórí àpò kọfí, mo sunkún nítorí yín, ẹ̀yin sì wà nílé, ẹ̀ ń bá ará òkè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ tí mo fi òógùn mi rà, àjèjì lẹ fi ń ṣe lálejò. Ṣé ó mọ orin tí Màmá máa ń kọ tí wọ́n bá ń lọ aṣọ? Ṣé ó mọ ohunkóhun nípa wọn? Ó ń jókòó níbi tí wọ́n ti máa ń jẹun àárọ̀, ó ń bú kọfí tẹ́ ẹ pò fún un, ẹ̀yin náà sì ń bu òmíràn sí i.

Mi ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù keje

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ara yín le? Mo kọ lẹ́tà, mi ò rí èsì. Mo pe fóònù, ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo pe Àǹtí, wọ́n ní ẹ wà, pé ẹ ò kàn fẹ́ sọ̀rọ̀ ni. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi. Ohun tí mi ò lè fara dà ni kẹ́ ẹ dákẹ́.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù keje

Abẹ́rẹ́ mi,

Ara mi le, fọkàn balẹ̀. Gbogbo lẹ́tà tí mo bá bẹ̀rẹ̀, ìbínú ló ń bá mi parí ẹ̀, mi ò sì fẹ́ fi ìbínú ránṣẹ́ sí ọ lókè òkun. Ẹyin lọ̀rọ̀. Tìrẹ ti bọ́. Mi ò fẹ́ kí tèmi tẹ̀ lé e.

Nínú ẹrù tó bá lẹ́tà yìí rìn, wàá rí ẹ̀rọ ìlọ̀ àti àrọ rẹ. Mi ò fi dá ọ lóró. Ohun tó o fi òógùn rẹ rà kò yẹ kó máa dùn ọ́ lọ́kàn, ìyẹn ni mo ṣe ní kó padà sọ́wọ́ rẹ. Mo rán asẹ́ aláṣọ díẹ̀ sí i, kó o má máa ra bébà.

Wàyí o, gbọ́ bó ṣe jẹ́. Lẹ́yìn tí ìyá rẹ lọ, tí ìwọ náà padà, ilẹ̀ máa ń ṣú tí mi ò tíì la ẹnu. Ohùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dípẹtà. Lọ́jọ́ kan, mo ń lọ ṣòkòtò oníbàárà, mo ṣáà dúró, mo ń wo ògiri. Èéfín ni Dẹ́rẹ́bà rí tó ń yọ lójú fèrèsé mi. Ó já wọlé, ó fa áyọ́ọ̀nù yọ, ó da omi sí ṣòkòtò náà, ó wá yíjú sí mi.

"Ẹ̀yin lẹ ni ṣòkòtò yìí?"

"Ti oníbàárà ni."

"Kò burú, ẹ lè rán òmíràn fún un. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ jó, ta ló máa rán òmíràn fún wa?"

Ó mú mi gòkè, ó po kọfí, kò bi mí ní nǹkan kan. Bí mo ṣe mu ún tán ni ẹnu mi ṣí, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ló sì ń jáde. Mo sọ ọ́ títí oòrùn fi kan àtàrí. O bi mí bóyá ó mọ orin tí ìyá rẹ máa ń kọ. Ó mọ̀ ọ́n, èmi ni mo kọ ọ́ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ṣì í kọ. Ó mọ ìtàn oníbàárà tí ìyá rẹ fi ìgbálẹ̀ lé jáde. Ibi tó yẹ kéèyàn rẹ́rìn-ín ló sì máa ń rẹ́rìn-ín sí.

Ní ti àga, mo ní kó jókòó sí ti ìyá rẹ. Ó kọ̀. Ó ní, "Mi ò ní jókòó sí àga ẹni tí mi ò bá pàdé." Ló bá gòkè lọ gbé tiẹ̀ wá, òun nìkan, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń ro ó.

Ohun kan ló dùn mí jù nínú lẹ́tà rẹ. "Ó" lo pè é látòkè délẹ̀. Obìnrin tó ju ìyá rẹ lọ lọ́jọ́ orí. A ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé, ó wà níbẹ̀. Mo kà á, mo pa á dé. Ó ní, "Ṣé àlàáfíà ni ọmọ wa wà?" Mo ní àlàáfíà ni. Ó wo ojú mi. Ẹni tó ti wakọ̀ títí kò nílò kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé ọ̀nà ti dí. Ó fọ ife tó mu, ó gòkè, kò sì tíì sọ̀kalẹ̀ láti ìgbà náà. Àga ẹ̀ ṣì wà níbí. Mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ lókè mi.

Ní ti yàrá rẹ, mi ò lè wá gbé inú yàrá tó o gbà nítorí ìbànújẹ́ tí kò sí lára mi mọ́. Bí mo bá máa wá, kó jẹ́ ayọ̀ ló gbé mi wá.

Bàbá rẹ, tí kò lè bínú sí ọ pẹ́.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ o. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ nínú lẹ́tà, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ilé ni mo ti tú ẹrù náà, nínú yàrá ńlá yìí. Mo ṣí ìdérí ẹ̀rọ ìlọ̀, òórùn kọfí tẹ́ ẹ lọ̀ gbẹ̀yìn jáde síta, ó dà bíi pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀ ni. Mo se asẹ́ aláṣọ bẹ́ ẹ ṣe wí. Mo po ife kan. Mo gbé e síwájú, mo jókòó, mo ń wo ògiri tí mo ní ẹ̀rọ ìránṣọ yín máa dúró sí.

Bàbá, èmi ni mò ń dá mu ún.

Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, mò ń bu kọfí fún èèyàn tí mi ò lè ka iye wọn, tí mo bá sì ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó di ọjọ́ kejì kí n tó tún bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo kọ ọ́ sí yín pé kẹ́ ẹ má dá jókòó síwájú àga òfìfo. Ara mi ni mò ń bá wí. Ẹ̀ẹ̀kan náà tí mo wá gbọ́ pé ẹ ti rí ẹni bá jókòó, inú bí mi, bíi pé ẹ ti wọ ọkọ̀ lọ, ẹ fi mí sílẹ̀ ní ibùdókọ̀.

Lánàá, ọ̀gá mi ní kí n bá àwọn jẹun tá a bá ti pa ilẹ̀kùn dé. Mo máa ń kọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo tẹ̀ lé wọn lọ. Ọkọ ọ̀gá mi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń pariwo ọjà. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí.

Mo ti dá ẹ̀rọ ìlọ̀ padà, pẹ̀lú jọ́ọ̀gì onírin tó ń po ife méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí gòkè fún wọn. Ẹ sọ fún wọn pé mo ní kí wọ́n má bínú sí mi. Kí wọ́n má gbé àga wọn lọ. Ẹ sì bá mi bi wọ́n léèrè, torí mo ti ń rò ó láti àárọ̀, mi ò sì mọ èyí tó tọ́: kí ni kí n máa pè wọ́n?

Ọmọ yín, Abẹ́rẹ́.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹjọ

Ọmọ wa,

O kú iṣẹ́, o kú ìrìn àjò, o kú àìrí ẹni bá sọ̀rọ̀. Mo mọ àìsàn yẹn dáadáa. Mo ti wà lórí títì pẹ̀lú èrò tó kún bọ́ọ̀sì lẹ́yìn mi, tí mi ò ní ẹnì kan tí mo lè sọ fún pé oòrùn tó ń wọ̀ yìí mà dára o.

Bàbá rẹ gun òkè wá lánàá. Àtẹ̀gùn yìí, pẹ̀lú orúnkún yẹn! Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ látìsàlẹ̀, ó dúró lẹ́ẹ̀mẹta kó tó débí, mo sì jókòó jẹ́ẹ́, mo ń ṣe bíi pé mi ò gbọ́. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, tépù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Ó ní, "Ọmọ wa ní ìbéèrè kan fún yín." Ó na lẹ́tà rẹ sí mi, ó fọwọ́ ti ògiri. Orí ìdúró ni mo ti kà á. Mo ní kó wọlé wá jókòó, ó ní rárá, pé òun fẹ́ mọ èsì kóun tó mọ̀ bóyá òun á jókòó. Mo ní mi ò bínú, ìgbà náà ló tó wọlé, ó sì fi jọ́ọ̀gì rẹ tó gbé dání po ife méjì.

Lẹ́tà tó o kọ ṣáájú, mi ò kà á, bàbá rẹ ò sì sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi. Má tún sọ ọ́. Ọmọ tí kò bá jowú nítorí ìyá ẹ̀, ẹ̀rù irú wọn máa ń bà mí.

O bèèrè ohun tó o máa pè mí. Oríṣiríṣi ni àwọn èrò ti pè mí, pàápàá tí mo bá tẹ bíréèkì lójijì. Kò sí ẹni tó bi mí rí pé kí lèmi fẹ́. Mi ò bí ọmọ, nítorí náà ìbéèrè rẹ kò jẹ́ kí n tètè sùn. Màmá ni ẹni tó bí ọ, má fún mi ní oyè wọn. Má sì pè mí ní Àǹtí, àǹtí tó o ní ti tó gbogbo ilé. Pè mí ní Dẹ́rẹ́bà bí gbogbo ayé ṣe ń pè mí. Ṣùgbọ́n tí kò bá ni ọ́ lára, fi "wa" tì í lẹ́yìn. Dẹ́rẹ́bà wa. Mo pè é sókè létí ara mi láàárọ̀ yìí, ó bá mi lára mu.

Jọ́ọ̀gì rẹ dára. Bàbá rẹ tẹ asẹ́ ẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni tí màlúù já lu ojú ọ̀nà ẹ̀, kọfí tú sí i láyà, ó ba ẹ̀wù jẹ́. Mo ti sọ fún un pé a kì í fi ìbínú tẹ̀ ẹ́. Nígbà ìsinmi rẹ, wá wò ó fúnra rẹ. Tó bá ṣe pé àwa lo fẹ́ ká wá, mo ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń rìnrìn àjò.

Ó yẹ kí n kọ jù báyìí lọ, ṣùgbọ́n bàbá rẹ ń fi igi ìgbálẹ̀ kan àjà ilé ẹ̀ nísàlẹ̀, ó ní omi ti hó. Mo ń sọ̀kalẹ̀ lọ bá a.

Dẹ́rẹ́bà wa.